Díìṣì Tó Kẹ̀yìn sí Àpápá

Ayọ̀miídé ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé Àbújá ń gbà ọ́? Àwa ará Mùṣin wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ láyọ̀ yóò máa ṣọ́ ọ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀, oúnjẹ tí o bá jẹ yóò bá ọ lára mu. Mi ò ní ṣe àdúrà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé Àlhájà Haleemah ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti ń sọ pé ọwọ́ ń ro òun nígbà tí a kò tíì dé ibì kankan. O mọ̀ ọ́n, Àlhájà tí ó jẹ́ pé fẹ́ǹsì nìkan ló wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀, tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí ìjọba fi ní kó lọ sinmi, tí kò sì sinmi.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù mi yìí, Yínká àbúrò rẹ ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ tán kì í lọ, á dúró tì mí, á máa gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò fẹ́ kí Yínká gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi wá sí ilé Àlhájà. Á kọ ọ́ sínú ìwé, á fi fóònù tirẹ̀ ya á ní fọ́tò, á wá fi í ránṣẹ́ sí ọ lórí wásáàpù. Bí o bá kà á tán, nù ún kúrò.

Ní ti ìròyìn ilé, orókún mi ṣì ń dùn mí ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn mí, ohun tí àwọn ayálégbé fi ń mọ̀ pé mo ti jí náà nìyẹn. Ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, wọ́n ti tún un ṣe, ó sì ti tún bàjẹ́. Adìẹ dúdú yẹn pamọ ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ wọ́n pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jọ pé ọmọ kò wù ú. Evelyn tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ti bí ọkùnrin. Orí ọmọ náà tóbi. Mo sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀, inú sì bí i, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò tóbi, ṣé yóò kéré ni?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́. Ó dé, kò fọ́, o ṣeun.

O mọ ohun tó mú ọ rà á, ṣùgbọ́n o kò mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù tó ń ta àga àti tábìlì fẹ́ gba Yínká síṣẹ́, pé kí ó máa jókòó sí Mùṣin, kí ó máa ti inú láptọ́ọ̀pù bá àwọn oníbàárà wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ àga ẹnì kan bá ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Yínká ni yóò bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí Yínká ṣe tí yóò fi máa bẹ̀bẹ̀ nítorí àga tí kì í ṣe òun ló kàn án, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní àwọn yóò sanwó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é fún íńtáfíù, nẹ́tíwọ̀kì já, ojú rẹ̀ dì gbagidi nínú láptọ́ọ̀pù, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi ti ẹja inú yìnyín, àwọn òyìnbó sì bá tiwọn lọ. Wọ́n kọ̀wé sí i pé àwọn yóò tún pè é lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọ̀rọ̀ bá tún já lẹ́nu rẹ̀, kí ó wábi gbà. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé Yínká wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní bí èyí náà kò bá bọ́ sí i, òun yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ òun gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sókè òkun. Mi ò sunkún. Mo bi í pé ta ni yóò máa pọn omi gòkè fún mi, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn ilé fún ìgbà díẹ̀.

Ọláníyì tí o ní kó wá so díìṣì náà dé ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé àkàbà dání lórí ọ̀kadà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo ti ń retí nǹkan ràbàtà bí abọ́, bí irú èyí tí gbogbo àdúgbò fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ohun tó yọ jáde nínú páálí pẹlẹbẹ, ó funfun, ó dà bíi pátákó tí alápatà fi ń gé ẹran. Mo bi í pé èyí tó kù ńkọ́, ó ní gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Kò tún wá so ó. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, ó wá ń yí po díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì, ó ń gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ́. Mo bi í pé kí ló sọnù. Ó ní ojú ọ̀run lòun ń wò bóyá ó ṣí. Mo ní láti ìgbà tí mo ti dáyé ló ti ṣí. Ó ní rárá, ó sì fi hàn mí nínú fóònù. Ó dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ibi tó mọ́ ní àwọ̀ búlúù, ibi tí nǹkan dí ní àwọ̀ pupa, pupa yẹn sì wà ní apá ilé Àlhájà, torí táǹkì omi rẹ̀ tó ga ju ilé rẹ̀ lọ. Ọláníyì wá sọ̀rọ̀ sókè pé táǹkì yìí ń dí ojú ọ̀run. Mo ní kí ó rọra sọ ọ́, ẹni tó ni í wà nítòsí. Àlhájà ní kí n sọ fún ọ pé táǹkì òun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo ti sọ ọ́.

Ọláníyì ní àwọn nǹkan kan wà lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń sáré kọjá, wọ́n pọ̀, bí ọ̀kan bá ti ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, díìṣì sì gbọ́dọ̀ máa rí wọn láìsí ohun tó dí i lójú. Èyí yé mi. Bí àwọn tó ń kiri búrẹ́dì ni. Bí o bá jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n á gba iwájú kọjá, ebi á sì máa pa ọ́.

Níkẹyìn ó rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, lórí òrùlé onísìmẹ́ǹtì tó bo ilé ìdáná, níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Ó ri òpó irin mọ́ ibẹ̀, ó gbé díìṣì lé e, ó fi nọ́ọ̀tì kan dè é lọ́rùn. Ó tún yọ fóònù. Àwòrán díìṣì méjì ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ọ̀kan ni bí díìṣì ṣe wà, èkejì ni bí ó ṣe yẹ kó wà. Ó ń yí díìṣì díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán méjèèjì fi wọ inú ara wọn bí abọ́ tí a kó lé abọ́, ó wá fún nọ́ọ̀tì yẹn le. Lẹ́yìn náà ó dán an wò. Ọwọ́ kan bíi ti aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú fóònù, ó ń gòkè, ó ń gòkè, mo sì pariwo pé kó pa á kó má baà jẹ owó iná wa tán. Ó ní kì í ṣe mítà iná, eré tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń sá ni. Mo ní kí ló ń lé e. Ó wá pe ìwọ náà, ojú rẹ yọ gedegbe, mo sì rí i pé o ti rù. O ní ò ń jẹun. Irọ́ ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni ibi tí díìṣì náà dojú kọ. Ọ̀nà Ìkẹjà ló tẹ̀ sí, ó wá kẹ̀yìn sí Ìjọra àti Àpápá pátápátá. Ìwọ náà rò ó. Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn tó fẹ́ bá Yínká sọ̀rọ̀ wà. Ta ló mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù jù mí lọ ní àdúgbò yìí? Láti ilé ìkẹ́rùsí Ìjọra ni bàbá rẹ àgbà ti ń kó kòkó lọ sínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Gbogbo kòkó yẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé e lọ. Èmi fúnra mi gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, mo rí àwọn ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe kọ imú sójú òkun. N kò rí ìkankan tó kọ imú sí Ìkẹjà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣebí á kọjú sí i ni. Mo sọ èyí fún Ọláníyì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló ń wò, òkè ló ń wò. Mo ní bí òkè ló ń wò, kí ló wá tẹ̀ sí apá kan fún. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ó gbé àkàbà rẹ̀, ó lọ.

Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ íńtáfíù pé, tí Yínká ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú yàrá, mo gòkè lọ sá aṣọ, mo mú ẹ̀mú tí bàbá rẹ àgbà fi sílẹ̀ dání. Mo tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀, mo yí díìṣì kúrò lọ́nà Ìkẹjà, mo yí i títí ó fi dojú kọ Àpápá gan-an, ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń fẹ́ wá bá wa lọ́sàn-án. Mo fi etí ìró mi nù ún lójú kó lè ríran dáadáa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mu ẹ̀kọ mi, ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Àlhájà ti sọ bírò kalẹ̀. Ó ń wò mí. Ó ní àṣé èmi ni, pé gbogbo àdúgbò ti gbà pé atẹ́gùn ni. Mo ní kó gbé bírò. Ó ní òun ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Mo ní kó rẹ́rìn-ín tán kó wá gbé bírò. Ohun tí Yínká mọ̀ ni pé atẹ́gùn ló yí díìṣì, atẹ́gùn náà ni kó máa jẹ́. Èyí ni mo ní kó má gbọ́.

Ó ku díẹ̀ kí àwọn òyìnbó pè ni mo gbọ́ tí Yínká ké bí ẹni tí àkekèé ta. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó sáré jáde, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì mọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n ṣòkòtò péńpé tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló wà nísàlẹ̀, ó ní wọn kò ní rí ìsàlẹ̀. Fóònù ń sọ fún un pé díìṣì ti yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, pé nǹkan ńlá kan sì dí i lójú. Táǹkì Àlhájà ni. Ó pe Ọláníyì, Ọláníyì wà lórí òrùlé ẹlòmíràn ní Sùúrùlérè, ó ní ká má dúró de òun, kí ẹnì kan gòkè lọ yí i, kí ẹnì kan máa wo fóònù. Yínká kò lè kúrò nídìí láptọ́ọ̀pù, bí wọ́n bá pè tí kò sí níbẹ̀, ó parí. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí ọ̀nà aṣálẹ̀ yẹn níbẹ̀. Mo ní èmi ń gòkè. Orókún tí mo ní ó ń dùn mí, mi ò gbúròó rẹ̀ títí mo fi dé òkè.

Àlhájà ti gbọ́ ariwo, ó sì ti wọlé wa láìkan ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Yínká, ó dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, ó ń ké sí mi. Ó ní kí n yí i sọ́tùn-ún. Mo ní ọ̀tún ta ni, tèmi ni àbí ti díìṣì, torí a dojú kọ ara wa. Ó ní ọ̀tún tòun. Mo ní mi ò rí i níbi tó wà, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí ọ̀tún rẹ̀ wà. Ó ní kí n yí i sọ́nà ọjà Òjúwóyè. Èyí yé mi, mo yí i. Ó ní ó ti pọ̀ jù, kí n dá a padà sọ́nà mọ́sálásí. Mo dá a padà. Ó ní ó tún ti pọ̀ jù, pé ṣé ọkọ̀ ni mò ń wà ni, kí n ṣe é bí ẹni ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti dùn tẹ́lẹ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wá pariwo pé ó ti wọ inú ara, kí n má mira.

Mo fẹ́ fún nọ́ọ̀tì, ọwọ́ mi yọ̀, nọ́ọ̀tì já bọ́, mo gbọ́ bó ṣe ń ró kóún kóún lọ sínú gọ́tà. Bí mo bá sì sọ díìṣì sílẹ̀ báyìí, atẹ́gùn òótọ́ á yí i. Mo bá lóṣòó sídìí òpó, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, mo ń gbọ́ ohùn àwọn òyìnbó nísàlẹ̀ àti ohùn Yínká tó ń dá wọn lóhùn, ó ń lọ geere.

Oòrùn ń pa mí. Àlhájà ṣàánú mi, àánú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti ọmọ jẹ́. Ó sáré lọ gbé agbòjò ńlá rẹ̀, èyí tí inú rẹ̀ ń dán bíi páànù tuntun, ó gòkè wá ṣí i bo èmi àti díìṣì pọ̀. Kíá ni ohùn Yínká ti ń já, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ó ń jẹ ọ̀rọ̀ méjì. Ó ké láti ìsàlẹ̀ pé kí ló bo ojú ọ̀run. Mo ní kí Àlhájà pa agbòjò rẹ̀ dé, pé bí táǹkì kò bá dí wa, òun á wá fi agbòjò dí wa. Ó pa á dé. Ó ní kí n kọ ọ́ pé inúure ni òun fi ṣe é. Òun ló ń kọ ọ́, kó kọ ọ́.

Àwọn òyìnbó wá bi Yínká pé kí ló dé tí ohùn rẹ̀ lọ tó tún padà. Mo rò pé yóò purọ́, ó mọ̀ ọ́n pa, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́, ó ní ìyá òun àgbà ló ń fi ọwọ́ di díìṣì mú lórí òrùlé. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rosaline, ní kí ó fi hàn òun. Yínká gbé láptọ́ọ̀pù gòkè wá bá mi, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù sì rí ṣòkòtò péńpé. Rosaline kí mi, mo kí i, mo ní kó bá mi kí ọkọ rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé kò rẹ̀ mí. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo ní ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, oorun rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n àìríṣẹ́ ló fà á. Mo ní bó bá máa gbà á síṣẹ́, kó tètè gbà á, kí n lè sọ ọwọ́ mi kalẹ̀.

Yínká fi òyìnbó sọ nǹkan kékeré kan. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sọ. Àlhájà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó tú u fún wọn bí ẹni ń kọ́ni ní kíláàsì, kò fi ìkankan sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ oorun. Àwọn òyìnbó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti tún já, mo di òpó mú gírígírí. Àṣé ẹ̀rín ló gbé wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí ni ìwé dé. Wọ́n gbà á. Yínká gbé mi sókè nínú pálọ̀, mo ní kó sọ mí kalẹ̀, apá ń dùn mí. Kò sọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ mọ́, èmi náà kò bi í. Láàárọ̀ yìí ó ń bẹ ọkùnrin kan tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ dé láìní ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ohùn tó fi bẹ̀ ẹ́ yẹn, kò fi bẹ̀ mí rí.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń rú mi lójú, bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe gbọ́ wa nígbà tí díìṣì kẹ̀yìn sí wọn. Àlhájà tó ń kọ̀wé yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú. Ó ní ta ló tún ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní nígbà tí òun lọ sí Mẹ́kà, Ìkẹjà lòun ti wọ bàálù, ibẹ̀ náà ni ti Lọ́ńdọ̀nù ti ń gbéra. Mo jókòó, mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Ayé bàbá rẹ àgbà ni ayé Àpápá. Bí Ọláníyì bá ti sọ báyìí fún mi, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún mi pé òkè ni díìṣì ń wò. Àbí bàálù kì í gba òkè ni?

Wàyí o, fi owó ránṣẹ́. A kò rí nọ́ọ̀tì yẹn mọ́, okùn tí mo fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi so díìṣì, aṣọ wá ń gbẹ lórí àga. Ọláníyì ní irin tuntun ló yẹ ká fi dè é. Fi owó òróró tí mo fi ń pa orókún sí i, kí o sì fi ti apá kún un. Fi nǹkan kékeré sí i fún Àlhájà pẹ̀lú, ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń wo bírò rẹ̀, kò dúró. Má fi owó náà gba ọ̀dọ̀ Yínká, á fẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bó bá sì bi ọ́, atẹ́gùn ni.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ojú ọ̀run rẹ máa ṣí. Nígbà tí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá rí ẹni di ọ́ mú. Ìwọ àti àbúrò rẹ kò ní gba aṣálẹ̀ kankan lọ wá ohun tí ẹ máa jẹ, ibi tí ẹ wà ni yóò ti máa bá yín. Jẹun o.

Èmi ni, ìyá rẹ àgbà, tí apá ń dùn, tí ọmọ rẹ̀ sì wà nílé.